Iná Yàrá Aṣọ Àtijọ́

Èmi ni mo ń ṣètò iná fún mùsíọ́mù kan ní Dallas. Ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ máa ń jẹ́ kí aṣọ àtijọ́ ṣá, nítorí náà mo mú kí yàrá aṣọ ṣókùnkùn. Bí èèyàn bá sún mọ́ aṣọ kan ni iná rẹ̀ yóò rọra tàn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè lórí òkùnkùn yẹn.

Ìyá ọkọ mi ti fi mí yangàn káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Garland. Ní Sátidé, ó kó àwọn ìyá ìjọ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi.

"Ìyàwó, ṣé wọ́n ti mú iná lọ ni?"

"Rárá, mà. Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

"Ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ mú iná lọ? Ní Amẹ́ríkà?"

Gbogbo wọn bá mi tijú. Wọ́n rọra sún mọ́ aṣọ àkọ́kọ́, iná sì tàn.

"Up NEPA!" Wọ́n pariwo, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Jessica, ọ̀gá mi, sáré wọlé. Kí n tó bẹ̀ ẹ́, omi ti lé sí i lójú. "Kí ni wọ́n ń sọ?"

Inú tó ń bí mi kò jẹ́ kí n lè ṣàlàyé. Mo ní, "Ọpẹ́ ni. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dé, ohun tí àwọn èèyàn wa máa ń wí nìyẹn."

Wọ́n ti kọ "Up NEPA!" sára ògiri ẹnu ọ̀nà yàrá náà báyìí, gàdàgbà gadagba. Jessica ní kí n tan iná sí NEPA yẹn dáadáa, iná tí kò ní í kú láé.