Pẹpẹ Tó Ya

Ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Òsì, kò sẹ́ni tó mọ pákó í so pọ̀ bí Àkíbù. Bó bá fá etí pákó méjì tán, á fi wọ́n kanra, á gbé wọn síwájú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín wọn, kó tilẹ̀ tín-ín-rín bí irun, á tún un fá. Bí àyà pákó kan bá wòkè, á da àyà ti èkejì délẹ̀, kí wọ́n má baà jọ tẹ̀ síbì kan náà. Lẹ́yìn náà ni yóò fi àtè gbígbóná tó fi awọ màlúù sè kùn wọ́n létí, tí yóò fi okùn dì wọ́n pinpin.

"Ó di ọ̀la," ni í máa wí. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Hilda, obìnrin onígbàgbọ́ tó ń ta àwo òyìnbó ní Oríta-mẹ́rin, ló ní kó ṣe pẹpẹ mẹ́rin fún òun. Inú Àkíbù dùn, nítorí tọmọdé tàgbà ló ń wọ ṣọ́ọ̀bù náà.

Ọjọ́ tó di pákó wọ̀nyí gan-an ni sobìà dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tó fi máa tiro jáde lọ́jọ́ kẹta, ó bá okùn lára pákó, àmọ́ kókó rẹ̀ kò jọ èyí tóun ta.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fọwọ́ kan okùn yìí ni?" ló bi Sàlámì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ olórí agbo ilé.

"Èmi? Kí ni n ó fi okùn ṣe?"

Àkíbù wo Kúlúsúmù, ìyàwó rẹ̀. Kúlúsúmù ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè. Àkíbù gba ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́, ó bá fá pákó náà títí ó fi tẹ́ bí omi inú àwo, ó sì gbé e lọ fún Hilda.

Oṣù kan ò pé tí pẹpẹ òkè fi ya. Ó já lu ti ìsàlẹ̀, gbogbo àwo fọ́ yángá. Hilda ránṣẹ́ pè é.

"Wò ó fúnra rẹ, Àkíbù. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú."

Ó fọwọ́ ra etí pákó. Ibi díẹ̀ péré ni àtè ti mú. Ẹnìkan ti tú okùn kí àtè tó gbẹ.

Nígbà tó délé, ó ní, "Kúlúsúmù, ta ló tú okùn mi?"

Omi lé sójú obìnrin náà. "Ẹ̀gbọ́n yín ni. Àgbò iléyá ń sá kiri, wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó dá a padà. Wọ́n ní bí mo bá lanu, àwọn á lé mi padà sílé bàbá mi."

"O sì ń wò mí tí mo fi gbé e lọ."

Kúlúsúmù faṣọ nujú.

Àkíbù wọlé tọ Sàlámì. Sàlámì ò tilẹ̀ sẹ́ mọ́. "Okùn lásán! Torí pákó lo ṣe fẹ́ wọ́ mi nílẹ̀?"

Àwọn àgbà ilé pé jọ. Wọ́n ní ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, àbúrò kì í nàka sí ẹ̀gbọ́n. Àkíbù dọ̀bálẹ̀ tòun tẹsẹ̀ tó wú. Sàlámì fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, ó ní òun ti dárí jì í.

Káfíńtà kan láti Èkó ló ṣe pẹpẹ mìíràn fún Hilda. Àpótí ìjókòó nìkan ni Àkíbù ń kàn báyìí. Lálaalẹ́, Kúlúsúmù á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Á jẹ ẹ́, á fọwọ́, á dìde láìgbójú sókè wò ó.