Ogójì Apá Ẹ̀wù, Òsì Ni Gbogbo Wọn

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ló ní kí n kọ eléyìí sílẹ̀. Ó ní bí mo bá ń fi kọrin kiri lásán, wọn á sọ pé irọ́ ni mò ń pa. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò sé.

Yàrá ìránṣọ la ti jọ ń ṣiṣẹ́. Aṣọ iṣẹ́ àwọn alásè là ń rán níbẹ̀, aláwọ̀ búlúù. Àbúrò mi ló ń gé e, èmi ló ń lọ̀ ọ́. Má-fi-ṣòfò ni wọ́n ń pè é, torí bó bá gé aṣọ tán, èyí tó kù ò ní tó nu imú.

Bí oṣù díẹ̀ sẹ́yìn ni òun àti fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í fa wàhálà. Á ṣí i, àwọn aránṣọ á tì í.

"Ṣé ooru ò mú yín ni?"

"Àǹtí, òtútù ti fẹ́ pa wá!"

Òógùn á bò ó láti ọrùn dé iwájú orí, kò ní pẹ́ kó tún máa wá súẹ́tà. Ẹni tí kì í bínú wá ń kanra mọ́ gbogbo wa. Á di àlùmọ́gàjí mú lọ́wọ́, á sì máa bi wá pé ta ló gbé e.

Ní ọjọ́ Ajé kan, aránṣọ kan na apá ẹ̀wù méjì sókè. "Àǹtí, òsì lèyí, òsì nìyí náà." Ó mú òmíràn, òsì. Ogójì ni wọ́n, òsì ni gbogbo wọn!

Ẹnì kan ní, "Àbí àwọn alásè yìí ò fi ọwọ́ ọ̀tún ro ọbẹ̀ mọ́ ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Bí a bá ń gé apá ẹ̀wù, ńṣe là ń mú kí ojú aṣọ kọ ojú síra, kí ọ̀tún àti òsì lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àbúrò mi to gbogbo rẹ̀ lójú sókè. Láti ogún ọdún, kò ṣe é rí. Ó gbé àlùmọ́gàjí rẹ̀ ka orí tábìlì ọ̀gá wa, ó ní òun ò gé aṣọ mọ́. Ọ̀gá ní kó lọ rò ó di ọjọ́ Ẹtì.

Mo bá a lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ó ń sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rántí bí ti Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀? Ó kọ́kọ́ ń gbàgbé nǹkan. Nígbà tó yá, kò mọ̀ wá mọ́. Ó ti kàn mí."

Mo jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn. Mo wo ọrùn rẹ̀ tó tún ń ṣòógùn.

"Nǹkan oṣù rẹ ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ wo nìyẹn lọ́sàn-án gangan?"

"Dá mi lóhùn jàre."

"Ó sá lọ fún oṣù mẹ́ta, ó tún padà wá bí àlejò tó gbàgbé báàgì."

"Ṣé ò ń sùn?"

"Oorun kẹ̀? Òógùn ni mò ń fi wẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Àyà mi á máa lù kì-kì-kì, oríkèé á máa ro mí."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ lù mí! Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni ẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe mí. Mo bá ọkọ mi jà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko nítorí ṣíbí kan."

"Ẹ ò wá sọ fún mi?"

Ìyẹn dùn mí. "Ojú ló tì mí," ni mo wí.

Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe dókítà, mo sì fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo tẹ̀ lé e lọ rí nọ́ọ̀sì. Ó wọn ìfúnpá rẹ̀, ó bi í ní ìbéèrè lóríṣiríṣi, ó gba ẹ̀jẹ̀ láti mọ̀ bóyá àìsàn mìíràn ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyá, kò jọ pé àìsàn Màmá yín nìyí. Ara yín ló ń kúrò ní ìgbà ọmọ bíbí. Àìsùn àti ooru náà máa ń mú èèyàn gbàgbé, ó sì sábà máa ń lọ."

Ó ní tí oṣù méjìlá bá pé láìrí nǹkan oṣù, ó ti dáwọ́ dúró nìyẹn, ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ lẹ́yìn náà, kó tètè wá. Kó máa wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó máa rìn dáadáa. Bí ooru náà bá pọ̀ jù, òògùn wà tí dókítà lè bá a sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àbúrò mi ní. "Ṣé mo ṣì lè di àlùmọ́gàjí mú?"

"Àfi bí ẹ bá fẹ́ fi gé mi."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó wọlé, ó mú àlùmọ́gàjí rẹ̀ lórí tábìlì ọ̀gá, ó ti tábìlì tirẹ̀ lọ sábẹ́ fèrèsé, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà: OJÚ KỌ OJÚ. Ó wá gé ogójì apá ọ̀tún láti bá ogójì òsì lọ. Ogún ẹ̀wù làwọn alásè máa ń ní ká rán lóṣooṣù, ogójì la rán; oṣù tó ń bọ̀ náà ti ní tirẹ̀ nílẹ̀. Kò kúkú ṣòfò!

Mo ń lọ aṣọ, mo dá orin, gbogbo yàrá gbè é:

Ooru ló mú mi, kì í ṣe ibà,
Ara mi ló ń pààrọ̀ ẹ̀wù,
Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má tì í,
Ọ̀tún ti bá òsì rẹ̀ pàdé.

Àbúrò mi ló gbè é sókè jù. Ẹni tí òtútù ń mú lọ wọ súẹ́tà.