Ewéko Tó Jọ Òkúta

"Níbo ló wà?"

Òyìnbó ọ̀gá wọn ló bi wọ́n léèrè, ìkòkò kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fàsásì tó ń tọ́jú ọgbà wolẹ̀. Colette tó ń dáná kọjú sí òkun. Yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ nìkan ló kù nínú ìkòkò; ewéko inú rẹ̀ ti pòórá.

Ewéko náà kò ju ẹyin adìẹ lọ. Aṣálẹ̀ gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti mú un wá, níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n. Àárín òkúta ló ń gbé níbẹ̀, ó sì jọ òkúta débi pé ẹran tí òùngbẹ ń gbẹ lè tẹ̀ ẹ́ kọjá láìmọ̀ pé omi wà nínú rẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ mìíràn ní gbogbo Lomé.

"Bí ilẹ̀ bá ṣú tí mi ò rí i, Fàsásì, ẹ̀wọ̀n ni. Mi ò ní pe adájọ́ kankan."

Ó sì lè ṣe é. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ ẹnu òyìnbó Faransé tó wà nípò àṣẹ nìkan ti tó láti sọ ènìyàn dúdú sẹ́wọ̀n.

Fàsásì kúnlẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sí gbogbo ojú ọ̀nà ọgbà. Ó ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ọ̀kan á rọ̀.

"Fofó, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ń tẹ òkúta bí ẹni tó ń yan máńgòrò ní ọjà Adawlato," ni Colette wí. "Ẹ kúkú mú ọ̀kan fún un. Ṣé ó máa mọ̀ ni?"

"Ẹni tó ń kí ewéko náà ní bonjour láràárọ̀?" ni Fàsásì fèsì.

Colette rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, Fàsásì sáré délé láti dágbére fún ìyá rẹ̀. Àìsàn kò jẹ́ kí Ìyá Àníkẹ́ lè fara kan omi mọ́; òkúta ló fi ń ṣe àlùwàlá. Orí ẹní ló bá a, ó fẹ́ kírun.

"Fàsásì, o káàbọ̀. Ìyàwó rẹ mà tọ́jú mi o. Nígbà tó gbé oúnjẹ lọ fún ọ lọ́gbà òyìnbó lánàá, ó bá mi mú òkúta tàyámọ́mù bọ̀. Ti tẹ́lẹ̀ ń ha mí lójú."

Kí Fàsásì tó lahùn, ìyá ti fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ òkúta náà, ó fi gbogbo ara lé e bí aláìlera. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó fi nu apá, ó gbé ọwọ́ sókè, ó kàbárà láti bẹ̀rẹ̀ ìrun.

Fàsásì jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Lórí ẹní, òkúta kékeré náà ti là sí méjì, omi sì ń sun jáde láti inú rẹ̀.