Ohùn Tó Ń Pẹ́ Dé

Ká má purọ́, Màmá Rachael ló ba kọ̀ǹpútà náà jẹ́. Kì í ṣe iná mànàmáná, kì í ṣe eku, kì í sì í ṣe àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó kọ́kọ́ nàka sí. Òun fúnra rẹ̀, ìyàwó ọ̀gá iléèwé, ìyá ìjọ tí gbogbo àdúgbò ń kúnlẹ̀ kí, ló jókòó síwájú ẹ̀rọ náà lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí Tóyìn ọmọ rẹ̀ ṣì wà níbi tó ti ń kọ́ni, tó sì ki díìsìkì bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Hẹ́dífóònù tuntun kan tó ní máìkì níwájú ẹnu ni Màmá rà ní Adó. Inú páálí rẹ̀ ni díìsìkì náà wà, Màmá sì rò pé ohun tí wọ́n bá dì mọ́ ọjà, lílò ni kí èèyàn lò ó. Gbogbo ìbéèrè tí kọ̀ǹpútà bi í, "Yes" ló tẹ̀ fún un. Ó ní nǹkan tó ń fi sùúrù bi èèyàn léèrè tó báyẹn, ìwà àìmoore ni kéèyàn sọ pé rárá fún un. Ó ń gbà á bí ìyàwó tuntun ṣe ń ṣe àmín sí àdúrà, kó tó dìde lórí àga, ẹ̀rọ ti yadi. Àní orin kékeré tó máa ń kọ bó bá jí, kò kọ ọ́ mọ́.

Nígbà tí Tóyìn dé, Màmá kọ́kọ́ ní àwọn ọmọ-ọmọ òun ni. Ìgbà tó yá ló bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n wá wo ìdí ràbàtà tó jókòó ti ohun tí kò mọ̀, pé ìdí òun kò kàwé rí, ìjókòó nìkan ló gboyè nínú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, Bàbá Fámúyìwá, ọkọ rẹ̀, yóò lọ sí Ìbàdàn, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́nà ọ̀fun. Dókítà ti là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé ara á le, ṣùgbọ́n ohùn lè má padà wá. Bàbá yìí ló ń pe orin fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn ní Ìkéré láti ìgbà tí Èkìtì ṣì wà lára Oǹdó títí tó fi gba ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Ohùn yẹn ló fi fẹ́ Màmá. Ohùn yẹn ló fi ń jí i láràárọ̀, á ní, "Àmọ̀kẹ́," kó tó sọ ohunkóhun mìíràn. Màmá fẹ́ kí Tóyìn bá òun gba ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà kó tó dọjọ́ Ajé, nítorí rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì tó wà nílé, jíjẹ ló ń jẹ téèpù, kì í pọ̀ ọ́ padà.

Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ó ní ohùn òun kì í ṣe uṣu tí wọ́n ń tò pamọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, iná dé, Tóyìn sì jókòó ti ẹ̀rọ. Ó ṣí ibi tí kọ̀ǹpútà ti máa ń to orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ sí, ó rí àmì àwọ̀ ìyeyè lára àwọn tó jẹ mọ́ ohùn. Ó ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ pé dírafà ni wọ́n ń pe ohun tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe lo etí àti ẹnu rẹ̀. Ọ̀kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ni Màmá bá lọ mú òmíràn wá bá a. Àwọn méjèèjì wá dí ojú ọ̀nà kan náà, ọ̀kan kò jẹ́ kí ìkejì kọjá.

"Orogún ni mo kó wọlé nù un," Màmá wí. "Ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ṣílẹ̀kùn fún un."

Tóyìn yọ àwọn méjèèjì kúrò, ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tan, ó sì dá ẹyọ kan ṣoṣo padà, èyí tó bá hẹ́dífóònù wá. Nígbà tí orin kékeré náà dún bíi yànmùyánmú láti inú hẹ́dífóònù tó wà lórí tábìlì, Màmá bẹ́ sílẹ̀, ó jó títí ìró fi tú nídìí rẹ̀, ó sì fi yẹ̀rì jó dé iwájú ọkọ rẹ̀. Bàbá ní òun dúpẹ́ pé fèrèsé wà ní títì.

Orin tí wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀, Bàbá fúnra rẹ̀ ló ṣe é nígbà tó jẹ́ tíṣà kékeré ní Ìṣẹ̀, tó ń gun kẹ̀kẹ́ wá wo Màmá ní Ìkéré. Òun á pè é, Màmá á gbè é. Tóyìn ní kí Bàbá kọ́kọ́ kọ tirẹ̀ lóun nìkan, pé wọ́n á fi ti Màmá kún un tó bá yá. Ó de hẹ́dífóònù mọ́ ọn létí kó lè máa gbọ́ ara rẹ̀.

Ìlà kìíní jáde dáadáa. Ní ìlà kejì, Bàbá dúró díẹ̀, ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń yà fún ẹlòmíràn lórí afárá. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. Ẹni tó ti ń pe orin láti ọjọ́ pípẹ́, bó bá ti gbọ́ ohùn lẹ́yìn tirẹ̀, yóò dúró kí ẹlégbè parí tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ohùn rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ sì ń dá padà sí i létí, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ dé. Bàbá ń dúró dè é, orin ń falẹ̀, ó ń falẹ̀, títí ó fi wó palẹ̀.

Bàbá bọ́ hẹ́dífóònù, ó gbé e lé itan.

"Ó ti ń lọ," ó wí. "Mo lanu, ohùn kò bá ẹnu mi dé mọ́."

Tóyìn ní kọ̀ǹpútà ni, kì í ṣe ọ̀fun. Bàbá kàn ń mi orí sí i bí ẹni tí wọ́n ń rẹ̀ lẹ́kún. Ó dìde, ó fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ni Màmá bá já hẹ́dífóònù gbà, ó kì í mọ́rí lórí gèlè, ó sì gbé orin náà pẹ̀lú ohùn tí wọ́n máa ń gbọ́ dé ìdajì ọjà. Kò tí ì kọ ìlà kan tán tí ẹnu rẹ̀ fi lọ́ mọ́ra. Ó dúró, ó sáré wo ẹ̀yìn.

"Ta ló ń sín mi jẹ níbẹ̀ yẹn? Bàbá Tóyìn, kò sí nǹkan tó ṣe ọ̀fun tèmi, ẹ sì gbọ́ bí mo ṣe ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí. Àbí wọ́n á la tèmi náà ní Ìbàdàn ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí tó fi húkọ́. Ó padà wá jókòó.

Tóyìn wá ṣàlàyé pé kọ̀ǹpútà máa ń gba ohùn sínú abọ́ kan kó tó dà á sétí èèyàn. Abọ́ náà ló tóbi jù, ó ń pẹ́ kó tó kún. Ó dín abọ́ kù. Ohùn yára dé, ṣùgbọ́n ó ń ta pàrà-pàrà bí epo gbígbóná tí omi kán sí. Ó fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ padà. Pàrà-pàrà lọ, ìpẹ́ díẹ̀ ṣẹ́kù, etí Bàbá sì gbọ́ díẹ̀ náà, ó tún dúró dè é. Ẹ̀rọ ti gbó, agbára rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Màmá bọ́ hẹ́dífóònù náà kúrò létí ọkọ rẹ̀. Ó wá bi Tóyìn pé ṣé dandan ni kí bàbá rẹ̀ gbọ́ ara rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, wọn kì í gbọ́ ara wọn. Èmi ni mò ń gbọ́ wọn. Ohùn mi ni wọ́n máa ń dúró dè. Jẹ́ kí wọ́n dúró dè mí."

Tóyìn rò ó wò. Ó dí ọ̀nà tí ohùn ń gbà padà sétí, ó gbé hẹ́dífóònù náà ka orí ìdì ìwé orin láàárín àwọn méjèèjì, ó sì pa fáànù. Bàbá àti Màmá jókòó kojú sí ara wọn, orúnkún kan orúnkún, òógùn ń ṣàn.

Bàbá pè é: "Ọ̀nà Ìkéré jìn, mo gun kẹ̀kẹ́ dé."

Màmá gbè é: "Wọlé wá jókòó, omi wà nínú àmù."

Kò fi ohùn ọjà gbè é. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ sábẹ́ tọkọ rẹ̀ bí ẹni tó tẹ́wọ́ sábẹ́ ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Níbì kan, ọ̀fun Bàbá há. Màmá fa ègbè gùn, ó fà á títí èémí fi padà sí ọkọ rẹ̀, ìyẹn sì pe èyí tó kù. Wọ́n kọ ọ́ dé òpin láìsí ìdádúró.

Nígbà tí Tóyìn fi í sílẹ̀ fún wọn láti gbọ́, wọ́n pín hẹ́dífóònù kan náà, etí kan fún Bàbá, etí kan fún Màmá, orí wọn sún mọ́ra. Ohùn náà dé, kò pẹ́, kò fọ́. Màmá fi etí ìró nu imú, ó ní wọn ì bá má gba ti òun mọ́ ọn, òun ń dún bí ewúrẹ́. Ó sì ní kí Tóyìn tún un fi.

Bàbá bọ́ apá tirẹ̀ létí, ó gbé ọwọ́ lé e lórúnkún.

"Àmọ̀kẹ́," ó wí, "tó bá di pé ò ń gbọ́ orin yìí, tí mo sì jókòó tì ọ́ tí n kò lè sọ̀rọ̀, èmi ni kó o máa gbè fún. Má gbè fún ẹ̀rọ."