Òṣùká Aṣọ Pupa

"Ọ̀kadà? Ṣé ọ̀kadà ló fẹ́ ọmọ mi ni?"

Kàmọ́rù ṣẹ̀ṣẹ̀ ní òun á sanwó ọ̀kadà tí yóò gbé àna òun délé ni. Orí ìjókòó kátakàta ló wà, ó ti tẹ búréèkì, ẹ́ńjìnnì sì ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bàbá Mùhámmẹ́d, bàbá ìyàwó rẹ̀, dúró nísàlẹ̀ lẹ́bàá títì. Ó gbé ọwọ́ kan lé táyà ńlá ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ kejì di agbọ̀n iṣu tó rù mú. Òógùn ń ṣàn wọ inú irùngbọ̀n rẹ̀ funfun.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Kàmọ́rù wí. "Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ti ṣòfin ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gun nǹkan yìí lójú títì àfi ẹni tó ń wà á."

"Èmi ni ẹnikẹ́ni?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, sà."

"Mo ti gbọ́. Máa gbé irin rẹ lọ. Ọjọ́ tí à ń ṣe fídáù ìyá Mùjídá, irin yìí náà lo gbé lọ. Ó ti yé wa nínú ulé wa pé ìyàwó méjì lo fẹ́. Irin yìí ni ìyálé."

Ọ̀rọ̀ náà bá Kàmọ́rù níbi tó ti ń dùn ún. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ìyá ìyàwó rẹ̀ kú. Ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n fẹ́ ṣe àdúà fún un, oníbàárà kan ní Ìsẹ̀ ń pariwo pé kí wọ́n wá túlẹ̀ oko òun kí òjò mìíràn tó dé. Kàmọ́rù rò pé òun á ti parí kí àwọn àlùfáà tó jókòó. Ẹrẹ̀ gbá kátakàta mú nínú oko. Nígbà tí yóò fi dé Emùré, wọ́n ti ń ká ẹní. Mùjídátù, ìyàwó rẹ̀, kò bá a jà. Ó kàn gbé ọmọ wọn, Jẹ̀mílá, pọ̀n, ó sì jókòó sílé bàbá rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Gbogbo ìgbà tí Kàmọ́rù bá lọ bẹ̀bẹ̀, ohun kan náà ni Bàbá ń sọ: "Ó ń bọ̀. Ìwọ ṣáà máa ṣiṣẹ́ rẹ."

Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ẹgbẹ́ kì í ṣe òfin lásán. Lọ́dún tó kọjá, Rẹ̀mí, ọmọ àbúrò alága ẹgbẹ́, jókòó sórí irin tó bo táyà nígbà tí wọ́n ń ti oko bọ̀ lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́. Kátakàta ré sínú kòtò, Rẹ̀mí já bọ́, táyà sì gun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí. Láti ìgbà náà ni Ìyá Bọ́sẹ̀dé, alága, ti ń mú kí àwọn awakọ̀ ka òfin sí òun létí bí ọmọ ilé kéwú kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ má gbé èrò. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ ṣóńṣó irin ìtúlẹ̀ tó yọ síta. Ẹ má fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀dà. Kí ilẹ̀ má ṣú bá yín lójú títì. Ẹni tó bá rú u, kó gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀.

Bàbá ti kọ ẹ̀yìn sí i, ó ti ń lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì ti tẹ̀ lábẹ́ iṣu.

Kàmọ́rù pa ẹ́ńjìnnì. Ó fò sílẹ̀, ó sáré síwájú àna rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú koríko.

"Bàbá, mi ò lè gbé yín sórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi gbé ẹrù yín sórí mi."

Bàbá wò ó títí. "Irin rẹ ńkọ́?"

"Yóò dúró dè mí."

Ó fẹ́ sún kátakàta náà wọ inú koríko dáadáa, ṣùgbọ́n àgbàrá ti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì níbẹ̀. Bí ó bá sún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò dà sínú gọ́tà. Ìdajì rẹ̀ wà lórí koríko, ìdajì kejì wà lórí ọ̀dà, irin ìtúlẹ̀ sì nà jáde lẹ́yìn rẹ̀. Kàmọ́rù ṣẹ́ ewé, ó kó o sílẹ̀ lẹ́yìn irin náà bí àwọn awakọ̀ ti máa ń ṣe bí ọkọ̀ bá bàjẹ́. Ilé Bàbá kò jìnnà, ẹ̀yìn kọ́nà tó wọ ìlú ni. Kíá ni òun á padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tó gbé agbọ̀n náà, ìdí rẹ̀ gún un lórí. Koríko tí Bàbá fi ṣe òṣùká ti tú ká sójú ọ̀nà. Kàmọ́rù wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ohun tó rọ̀. Aṣọ pupa náà ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níbi tó so ó mọ́. Ó tú u, ó ká a roboto, ó gbé e lé orí, ó sì gbé ẹrù àna rẹ̀ lé e. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá ló ṣíwájú, ó fọwọ́ sẹ́yìn. Bí wọ́n ti ń wọ ìlú, àwọn èèyàn ń kí wọn.

"Ẹ kú ẹrù o! Bàbá, ṣé àna yín nìyẹn?"

"Òun náà ni o. Ó ti sọ ìyálé rẹ̀ kalẹ̀ sójú ọ̀nà lónìí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kàmọ́rù náà rẹ́rìn-ín lábẹ́ ẹrù. Ọrùn ń ro ó, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn báyẹn.

Mùjídátù jáde nígbà tó gbọ́ ohùn wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí kò dá a mọ̀. Lẹ́yìn náà ló sáré wá bá a sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ẹ kú ẹrù, Bàbá Jẹ̀mílá."

"Ẹ̀yin náà, ẹ kú ilé."

"Bu omi fún ọkọ rẹ," ni Bàbá wí, ó sì jókòó sórí àga rẹ̀. "Se uṣu tuntun yẹn fún un. Ohun tí ọmọ ń ṣe fún bàbá ló ṣe lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ jọ nínú ulé yìí, kó máa kó o jọ."

Mùjídátù fi ẹ̀rín pamọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbá erùpẹ̀ tó já láti ara iṣu. Ládáànì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun Màgàríbì. Mùjídátù mú òṣùká nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, aṣọ náà sì tú sílẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀. Ó yí i sí apá kan, ó yí i sí èkejì, ó fọwọ́ pa etí rẹ̀. Òun ló ṣẹ́ etí aṣọ náà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì jọ wà.

"Bàbá Jẹ̀mílá, ṣé kì í ṣe aṣọ ìdí irin rèé?"

"Òun ni."

"Kí ló wá wà nídìí irin báyìí?"

Kàmọ́rù ti gbé ife omi dé ẹnu. Ó wo ìta. Ilẹ̀ ti ṣú débi pé ó ṣòro láti mọ igi yàtọ̀ sí ènìyàn. Ife náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sáré jáde.

Kò tíì dé kọ́nà tó ti ń gbọ́ ariwo. Àwọn èèyàn pọ̀ lójú títì, iná fóònù wọn ń tàn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọ̀kadà kan dùbúlẹ̀ lórí ewé tó kó sílẹ̀, táyà iwájú rẹ̀ ti ká. Fọláhàn, ọmọkùnrin tó máa ń gbé èrò láti Emùré sí Ìkẹ́rẹ́, nà gbalaja lẹ́bàá rẹ̀. Ó dì mọ́ itan rẹ̀, ó ń pariwo ohun kan ṣoṣo.

"Mi ò rí i! Ẹ bá mi sọ fún wọn, mi ò rí nǹkan kan!"

Kàmọ́rù wà lára àwọn tó gbé e sínú ọkọ̀ tó lọ sí ọsibítù. Ó gbá orí rẹ̀ mú ní gbogbo ọ̀nà. Fọláhàn kò mọ ẹni tó gbé orí òun lésẹ̀. Ó ń pe ìyá rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ẹgbẹ́ péjọ sí abẹ́ àtíbàbà wọn. Kí Kàmọ́rù tó wọlé, Bàbá Mùhámmẹ́d fà á sẹ́yìn ògiri.

"Ẹ́ńjìnnì ló kú. Ṣé o gbọ́? Ó kú, o sì wá wá ìrànlọ́wọ́ nínú ulé mi. Aṣọ wà níbẹ̀. Bóyá ìgbà tó kọlù ú ló já a dànù."

"Bàbá, wọ́n á ní Fọláhàn ló ń sáré àsápajúdé."

"Ẹsẹ̀ ti kán ná. Ṣé irọ́ ló máa tò ó ni, àbí òtítọ́? Bí o bá sọ pé iṣu mi lo rù, lójú ta ni n ó tún gbójú sókè ní Emùré? Wọ́n á ní mo ti ọmọ ọlọ́mọ sínú irin nítorí agbọ̀n iṣu." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mùjídá ti di ẹrù. Ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi níbí. Láti ibí ni kó ti bá ọ lọ. Má tún fi irin ba ilé rẹ jẹ́."

Ìyá Bọ́sẹ̀dé jókòó níwájú, ó so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ìyá Fọláhàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìró rẹ̀ ṣì ní ẹ̀jẹ̀ létí. Ó jọ pé kò sùn.

"Àwọn ọlọ́kadà wọ̀nyí náà," ni Oyèkọ́lá wí, òun náà ń wa kátakàta fún ẹgbẹ́. "Wọ́n á máa sáré bí ẹni tí òkú ń lé."

"Ọmọ mi ní òun ò rí aṣọ pupa kankan," ni ìyá náà wí.

"Ìyá, ẹni tó ń sáré báyẹn, aṣọ wo ni yóò rí? Bí ẹ bá so àsíá ìjọba mọ́ ọn, kò ní rí i."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Fọláhàn wo ilẹ̀. Bàbá Mùhámmẹ́d dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó sì sọ tirẹ̀: ẹ́ńjìnnì kú, Kàmọ́rù wá sílé òun, òun sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń ṣe nǹkan létòlétò. Ohùn rẹ̀ balẹ̀. Àwọn èèyàn ń mi orí.

Ìyá Bọ́sẹ̀dé yíjú. "Kàmọ́rù, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

Ìyá Fọláhàn gbójú sókè, ó tẹjú mọ́ ẹnu Kàmọ́rù. Kò wo ojú rẹ̀ rárá, ẹnu rẹ̀ ló ń wò.

"Ẹ́ńjìnnì ò kú, mà," ni Kàmọ́rù wí. "Èmi ni mo pa á."

Ìyá Bọ́sẹ̀dé fi awò rẹ̀ sójú.

"Aṣọ ńkọ́?"

"Èmi ni mo tú u. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí Fọláhàn dé."

"Kí lo fi ṣe?"

"Mo fi ṣe òṣùká."

"Òṣùká! Ẹrù ta lo rù?"

Kàmọ́rù mọ ibi tí Bàbá dúró sí láìwò ó. "Ẹrù mi ni, mà."

Bàbá Mùhámmẹ́d ká agbádá rẹ̀ sí èjìká. Ó gba àárín àwọn èèyàn kọjá, ó jáde.

"Gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀," ni Ìyá Bọ́sẹ̀dé wí. Kò bínú. Ó jọ pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Kàmọ́rù gbé e kalẹ̀. Oyèkọ́lá mi orí, ó kùn pé, "Wèrè rèé o." Kàmọ́rù dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá Fọláhàn. Ìyá náà kò fọwọ́ kàn án, kò sì ní kó dìde. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó dàbí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ ọ́.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ búréèkì."

Mùjídátù wà lábẹ́ igi máńgòrò níta, Jẹ̀mílá wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá ti gba báàgì lọ́wọ́ mi," ló wí. "Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn gbé e padà sílé."

"Mo ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí."

"Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ nínú ibẹ̀ yẹn."

Kàmọ́rù fọwọ́ nu ojú. Ó ń retí kó sọ pé ó dára tàbí pé kò dára, ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

"Níbo lẹ ń lọ báyìí?"

"Ọ̀dọ̀ Fọláhàn."

"Ṣé ó ti jẹun?"

"Mi ò mọ̀."

Mùjídátù kọjá sí òdìkejì títì, ó ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ obìnrin kan, ó sì padà wá. Ó dúró síwájú ọkọ rẹ̀.

"Mi ò sọ pé mò ń bá yín lọ sílé o."

"Mo gbọ́."

"Ọsibítù nìkan ni mò ń bá yín lọ."

"Ọsibítù náà ni."

Ó tú ọ̀já, ó sọ Jẹ̀mílá kalẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì gbé e fún un. Ọmọ náà ti sùn, ó wúwo ju ìgbà tí Kàmọ́rù gbé e kẹ́yìn lọ. Ó gbé e lé èjìká. Wọ́n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, apá ibi tí èèyàn ti ń rí ọkọ̀ tó ń bọ̀, Mùjídátù ṣíwájú díẹ̀, wọ́n sì mú ọ̀nà ọsibítù pọ̀n.