Fáànù Oníbọ̀wọ́

"Ta ló tú nǹkan yìí?"

Ìyàwó rẹ̀ kò gbójú sókè. Ẹ̀wù tó fẹ́ wọ̀ ló ń lọ̀. "Nǹkan wo?"

"Kọ̀ǹpútà rẹ. Ẹnìkan ti tú u."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ tú u ni? Síkúrúù rẹ̀ ló kún orí tábìlì oúnjẹ mi yìí."

Lóòótọ́ ni. Kọ̀ǹpútà alágbèéká pẹlẹbẹ náà ti dojú bolẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó pẹ́ tó ti ń hó bí ohun tó fẹ́ fò lọ, tí ìyàwó sì ń bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó bá òun pààrọ̀ fáànù inú rẹ̀. Títún kọ̀ǹpútà ṣe sì ni iṣẹ́ ọkọ yìí. Ẹnjiníà ló ń pe ara rẹ̀, gbogbo àdúgbò náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí bí wọ́n bá pè é ní nǹkan mìíràn, kì í gbọ́. Èsì tó máa ń fún ìyàwó rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: "Jẹ́ kí n dá àwọn oníbàárà lóhùn ná." Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fáànù tuntun. Ó fẹ́ dè é síbẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, kó sì gba ọpẹ́ tirẹ̀ kí àwọn tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu wò nítorí iṣẹ́ kan lórí ẹ̀rọ náà tó pè. Ó ti ṣàkíyèsí pé ariwo kọ̀ǹpútà náà ti rọlẹ̀ láìpẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ tó tutù ló fi sí.

Àṣé kì í ṣe ojú ọjọ́. Fáànù tuntun ló bá níbẹ̀, ó ń dán gbinrin. Ẹni tó dè é fi téèpù dúdú mú wáyà rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ṣẹ́ ṣóńṣó téèpù náà po, ó fi etí kékeré kan sílẹ̀.

"Oníbọ̀wọ́ ni," Ẹnjiníà wí, bí ẹni tó rí bàtà ọkùnrin mìíràn lábẹ́ ibùsùn.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni òun àti Oníbọ̀wọ́ ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá yẹn ló kọ́ wọn pé bí wọ́n bá lẹ téèpù, kí wọ́n fi etí sílẹ̀, kí ẹni tó bá máa tú u lẹ́yìn wọn lè rí ibi fà. Ẹnjiníà ti pa etí téèpù tì tipẹ́. Oníbọ̀wọ́ kò pa á tì, ó tún wá fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà kún un. Ẹnjiníà ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tó sọ ọ́ ní Oníbọ̀wọ́. Kàkà kí ọkùnrin náà bínú, ńṣe ló kọ ọ́ gàdàgbà sí ara ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lódìkejì ọ̀nà, àwọn ènìyàn sì ń rọ́ wọbẹ̀.

"Ìgbà wo lo lọ?"

"Ọjọ́ tí ẹ lọ ra ọjà."

"O wá gbé e sọdá títì, gbogbo ayé sì rí i pé ìyàwó Ẹnjiníà ń lọ sọ́dọ̀ Oníbọ̀wọ́?"

"Mo fi ìborùn bò ó."

"O fi ìborùn bò ó! Á jẹ́ pé o mọ̀ pé ohun ìtìjú ni."

"Ìtìjú yín ni mo bò, kì í ṣe tèmi."

Ó gbé ìyẹn mì. "Kí ló sọ nípa mi?"

"Kò dárúkọ yín rárá."

Èyí dùn ún ju èébú lọ. "Ó jẹ́ kí o jókòó? O mu omi níbẹ̀?"

Ìyàwó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Ẹ gbọ́ o, fáànù ló pààrọ̀, kò fẹ́ mi. Ẹ dákun, ẹ dé e padà kí n tó wẹ̀ tán. Ẹ sáà mọ bó ṣe pẹ́ tó tí mo ti ń wá ipò yìí." Ó bá wọ balùwẹ̀ lọ.

Kò sí ohun tó kù ju kó dé e lọ. Ṣùgbọ́n Ẹnjiníà ń wo fáànù yẹn, ó dà bíi pé fáànù náà ń wo òun. Kí iṣẹ́ ọwọ́ Oníbọ̀wọ́ máa fẹ́ atẹ́gùn sí ìyàwó òun lọ́wọ́ nínú ilé òun? Rárá o. Ó mú fáànù tirẹ̀ jáde. Irú kan náà ni wọ́n; ìyẹn kò dá a dúró. Ó di wáyà ti Oníbọ̀wọ́ mú, ó sì fà á tu. Bẹ́ẹ̀ ẹnu wáyà ló yẹ kó dì mú. Àìmọye ìgbà ló ti bú ọmọọṣẹ́ nítorí irú èyí.

Ike kékeré oníhò tí wáyà ń wọ̀ sí ká kúrò lára bọ́ọ̀dù, ó ń mì dirodiro lẹ́nu wáyà bí eyín ọmọdé.

Ó gbé irin tó fi ń jó òjé kaná. Ẹnu irin náà tóbi ju ojú ibi tó fẹ́ jó lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

"Ẹ ti dé e?" Ìyàwó ti wọṣọ tán.

"Mo ti já a."

"Ẹ já kí ni?"

"Ibi tí fáànù ti ń gba iná. Mo fẹ́ yọ tiẹ̀ kúrò, kí n fi tèmi sí i."

"Tiẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́?"

"Tiẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó kàn nawọ́ mú fóònù.

"Má pè é," Ẹnjiníà wí. "Èmi ni mo máa gbé e lọ."

Kò sì fi nǹkan kan bò ó.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n," Oníbọ̀wọ́ wí. "Ṣé fáànù yẹn ò ṣe dáadáa ni?"

Ẹnjiníà ti to irọ́ méjì sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Kò rí èyí tó máa mú nínú wọn. "Ó ń ṣe dáadáa. Èmi ni mo fà á já. Wọn ò ní pẹ́ pe ìyàwó mi lórí rẹ̀."

Oníbọ̀wọ́ kò bi í ní ìdí. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ti ojú bọ awò kan tó lè sọ èèrà di erin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó o padà. Ẹnjiníà ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ń retí pé kó tilẹ̀ gbọ̀n díẹ̀. Kò gbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún ìyàwó yín pé ẹ̀yin lẹ ṣe é," Oníbọ̀wọ́ wí nígbà tó dé e tán. "Wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ẹnjiníà kò tíì kórìíra rẹ̀ tó báyìí rí. Ó dúpẹ́, ó sọdá títì, ó ń dán an wò lẹ́nu: "Mo ti ṣe é." Ó dùn lẹ́nu gan-an.

Ìyàwó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ ti ṣe é?"

"Òun ló ṣe é," ó wí. Ó gbé e lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. "Ó mọ̀ ọ́n ṣe."

Ìyàwó gbé e sórí tábìlì oúnjẹ. Ó tan ẹ̀rọ náà. Kò sí ariwo. Ó juwọ́ sí ọkọ rẹ̀ pé kó sún, Ẹnjiníà sì ń wọ́ àga rẹ̀ lọ sẹ́yìn, títí èjìká rẹ̀ fi kúrò pátápátá lójú kámẹ́rà.

"Ẹ kú ọ̀sán, màdáámù," ohùn kan wí láti inú kọ̀ǹpútà. "Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀?"

"Èmi nìkan ni, sà."

Ní kọ̀rọ̀ tó wà, ọkọ rẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.