Ajílẹ̀ Òkè

Mo-ti-mọ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́, nítorí kò sí ohun tí wọ́n ń sọ fún un tí kì í dáhùn pé, "Mo ti mọ̀." Ọ̀gá àgbẹ̀ ni lóòótọ́. Bó bá bu erùpẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, tó fi àtàǹpàkò rá a, á sọ bóyá àgbàdo ló máa ṣe dáadáa níbẹ̀ ni àbí ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n kó ní òun ò mọ nǹkan, kó sì béèrè, ẹnu rẹ̀ kì í gbà á.

Ìyẹn ló kó bá a lọ́dún tó kọjá. Ọmọbìnrin kan láti ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn kó wọn jọ, ó ní bí àgbàdo bá ga dé orúnkún, kí wọ́n fún un ní ajílẹ̀ òkè. Mo-ti-mọ̀ mi orí. Ó gba oko lọ, ó sì ń da ajílẹ̀ sí àárín ewé àgbàdo lókè, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí iṣẹ́ fi parí. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ewé ti jóná ráúráú.

"Kòkòrò ni," ó wí fún ìyàwó rẹ̀ àti gbogbo àwọn tó bá a pààlà oko.

Ìyàwó wo oko, ó wo ọkọ. "Bàbá wọn, kòkòrò yìí á ní ọwọ́ méjì o."

Nígbà tí òjò tuntun ti mú àgbàdo ga dé orúnkún, ọmọbìnrin náà padà wá. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú yàrá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, Mo-ti-mọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ wà láàárín wọn. Ọmọbìnrin olùkọ́ náà kọ "dídín ọ̀gbìn kù" sára pátákó, ó bi wọ́n léèrè ohun tó jẹ́. Ẹni tó ń gbin tòmátì dáhùn: "Kéèyàn hú èyí tó tínrín kúrò, kí èyí tó lágbára lè ríbi mí." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Olùkọ́ bá kọ "ajílẹ̀ òkè".

Aránṣọ kan wà níbẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ kú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oko ọkọ náà ṣe. Ó nawọ́. "Èmi mọ ìyẹn. Mo ti ra tèmi sílé. Orí àgbàdo ni màá dà á sí lọ́la, bí bàbá tó jókòó yìí ṣe ṣe é lọ́dún tó kọjá. Mo dúró níbi ààlà, mò ń wò wọ́n."

Bí Mo-ti-mọ̀ bá dákẹ́, oko opó á jóná. Bó bá sọ̀rọ̀, iyì rẹ̀ ńkọ́? Ó dìde.

"Ìyá, ẹ má dán an wò. Kòkòrò kọ́ ló jẹ oko mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi jó o. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òkè, mi ò sì béèrè."

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ni gbogbo ilé bá gbà á. Mo-ti-mọ̀ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Olùkọ́ kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ tí mi ò là á. Òkè ilẹ̀ ni mo ní lọ́kàn, kì í ṣe òkè àgbàdo. Èyí tí a ń dà sílẹ̀ kí a tó gbìn ni ti ìsàlẹ̀."

Wọ́n bá kọrí sí oko aránṣọ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo-ti-mọ̀ gba ọkọ́, bí olùkọ́ ṣe júwe fún un, ó gbẹ́ kòtò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ìdí àgbàdo, ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí i. Ó bu ajílẹ̀ díẹ̀ sí i, ó fi erùpẹ̀ bò ó.

"Ó dà bíi kéèyàn gbé oúnjẹ síwájú ọmọ," ó ní, "kó má dà á lé e lórí."

"Kí la wá lè máa pè é?" olùkọ́ béèrè.

"Ajílẹ̀ ẹ̀gbẹ́," Mo-ti-mọ̀ dáhùn.

Olùkọ́ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ewé àgbàdo aránṣọ dúdú mìnìjọ̀, wọ́n ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn. Opó náà pẹ̀lú Mo-ti-mọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń wò ó, kò sì sẹ́ni tó yára dìde nínú wọn.